Oṣù kan náà, ojú ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí la máa dì lẹ́rù láti Ìgbókòdá dé Ṣakí?

Ìyá Ẹniọlá (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹbí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti délé gbẹ̀yìn. Lọ́dún yìí, bí Elédùmarè bá fọwọ́ sí i, èmi àti ọkọ mi, ìyá mi tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 71, àti àwọn ọmọ wa méjì máa wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejìlá, a ó sì padà láàárín oṣù kìíní. Ọmọbìnrin wa jẹ́ ọmọ ọdún 10, ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 6, ikọ́ fée sì máa ń yọ ọkùnrin yìí lẹ́nu. Ìlú Ọba ni wọ́n bí wọn sí, wọn ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí.

Èkó la ó balẹ̀ sí. Láti ibẹ̀ a ó lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí bàbá mi ti wá, kí wọ́n tó di ẹni ilẹ̀. Lẹ́yìn náà Ìdànrè, torí mo ti ṣèlérí òkè yẹn fún ọmọbìnrin mi. Lẹ́yìn rẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú ìyá mi. Ṣakí, ilé ọkọ mi, la ó ti ṣe ọdún tuntun.

Ìṣòro mi rèé: Ṣúúrùlérè ni mo dàgbà sí. Ooru àti òjò nìkan ni mo mọ̀. Fóònù mi sọ pé gbogbo ìlú yìí ló máa gbóná tó ìwọ̀n 32 tàbí 33, bí ẹni pé ibì kan náà ni gbogbo wọn. Ìyá mi ní irọ́ ni, pé òtútù àárọ̀ Ẹ̀fọ̀n lásìkò ọyẹ́ a máa wọ egungun. Ọkọ mi ní kí n má tíì sọ̀rọ̀ òtútù títí n ó fi dé Ṣakí. Ẹ jọ̀ọ́, kí oníkálukú sọ ti ìlú rẹ̀ fún mi: báwo ni àárọ̀, ọ̀sán àti òru ṣe máa ń rí, báwo ni ilẹ̀ ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀, kí ni kí n dì?

Bàbá Àgbẹ̀ Ṣakí

Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀ ṣáájú. Òótọ́ ni ọkọ yín sọ, ìyá yín náà ò sì purọ́. Fóònù ọ̀sán nìkan ló sọ fún yín.

Ọyẹ́ máa ń dé bá wa láàárín oṣù kọkànlá, ó sì lè má lọ títí oṣù kejì fi máa parí. Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà ni, láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ bọ̀. Eruku tó ń gbé bọ̀ rí bí ìyẹ̀fun. Bí ẹ bá jí lówùúrọ̀, ẹ ó bá a lórí tábìlì, lórí ewé, nínú ihò imú. Òkè tí ẹ rí lánàá, ẹ lè má rí i lónìí títí aago mẹ́wàá. Ìwọ̀n ìgbóná lè já sí bíi 18 ní ìdájí. Nígbà tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ó ti di 33 tàbí 34. Ọjọ́ kan náà ni o! Ẹni tó wọ súẹ́tà kúrò nílé láàárọ̀ á so ó mọ́dìí bọ̀ wálé lọ́sàn-án. Tí oòrùn bá wọ̀, ilẹ̀ á tún tutù kíákíá, torí kò sí omi nínú afẹ́fẹ́ tó lè di ooru náà mú.

Ilẹ̀ wa, ọ̀dàn ni. Igi wa kò fún pọ̀ bíi ti ìsàlẹ̀. Igi ẹmi, igi igbá àti oṣè lẹ ó máa rí lẹ́bàá ọ̀nà. Koríko tó ga ju ènìyàn lọ ní oṣù kẹsàn-án ti gbẹ nígbà tí ẹ máa dé, àwọn ọdẹ àti darandaran á sì ti máa dáná sun ún. Ẹ ó rí ilẹ̀ dúdú lọ súà, ẹyẹ àṣá á máa fò káàkiri ibi tí iná wà, ó ń wá eku àti tata tó ń sá jáde. Èéfín yẹn ni mo bẹ̀rù fún ọmọkùnrin yín ju òtútù lọ. Bí ẹ bá rí iná níwájú, ẹ gbé fèrèsé mọ́tò sókè, ẹ má dúró wò ó.

Ẹrù yín: súẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìbọ̀sẹ̀, fìlà tó bo etí fún àwọn ọmọ àti fún màmá. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ọ̀sán. Ẹ má wulẹ̀ ra ìpara olóòórùn dídùn wá láti ọ̀hún. Òrí wà nílẹ̀ níbí, àwọn ìyá wa ló ń pò ó látara èso ẹmi, òun ni kẹ́ ẹ fi pa ètè, gìgísẹ̀ àti ihò imú kẹ́ ẹ tó sùn. Kànga máa ń fà sẹ́yìn lásìkò yẹn, nítorí náà ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti ilé pé korobá kan ni ìwẹ̀. Aṣọ òfì tí ìyá mi fi sílẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, kò sí aṣọ ìbora tí mo tíì rí tó fi ooru pamọ́ tó o. Ẹ bi àwọn àna yín, wọ́n á ní tiwọn.

Ọmọ Ayétòrò

Ọmọ bàbá mi, ẹ kú ìmúra. Ilẹ̀ Ìlàjẹ ni Ayétòrò tiwa wà. Bí ẹ bá ka ohun tí Bàbá Ṣakí kọ, ẹ yí i po, ẹ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ tiwa. Ọ̀dọ̀ wọn, eruku. Ọ̀dọ̀ wa, omi. Òjò tó ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa láàárín ọdún kan ju 2,000 mìlímítà lọ. Ti Ṣakí, bíi 1,100 ni. Ká sọ pé òjò ọdún méjì lọ́hùn-ún ni òjò ọdún kan wa.

Oṣù kejìlá dára fún wa. Òkun kì í ru lásìkò yẹn bó ṣe ń ru láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án. Òjò á ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kì í bá wa dá pátápátá. Ọ̀wààrà kan lè dédé dé lọ́jọ́ tí ẹ ò retí rẹ̀. Ọyẹ́ máa ń ya ọ̀dọ̀ wa fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn kì í tó ọ̀sẹ̀ kan, afẹ́fẹ́ òkun á tún lé e padà. Aṣọ tí ẹ bá sá kì í tètè gbẹ. Bàtà aláwọ tí ẹ bá fi sínú àpótí á hu funfun. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ páànù òrùlé, ó ń jẹ ìṣó, ó ń jẹ kọ́kọ́rọ́. Ẹ kó bàtà rọ́bà wá, ẹ má wọ bàtà olówó iyebíye.

Kò sí òkè lọ́dọ̀ wa, kò sí òkúta. Ẹni ọdún 12 ni mí kí n tó fojú kan àpáta, Ìdànrè náà ló sì jẹ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú. Iyanrìn, àbàtà, ọ̀sà àti afárá pákó la fi dàgbà.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín kí ẹ tó dé, kó má bàa já yín láyà. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó. Ilé tí wọ́n bí mi sí ti wà nínú òkun báyìí. Kì í ṣe etí òkun ni mo wí o, inú òkun ni. Òpópónà tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù wà nínú òkun. Ibi tí a sin ìyá bàbá mi sí wà nínú òkun. Àwọn ará wa ti ká ilé wọn, wọ́n ti sún sẹ́yìn, wọ́n tún ká a, wọ́n tún sún. Bí ibojì bàbá yín tàbí ilé wọn bá wà nítòsí omi, ẹ pe àwọn ẹbí kí ẹ tó gbéra, kí wọ́n sọ bó ṣe rí gan-an fún yín. Má jẹ̀ẹ́ kí màmá dé ibẹ̀ kí wọ́n máa wá ọ̀nà tí kò sí mọ́.

Láti Ìgbókòdá lẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wọ̀ ọ́ láàárọ̀, torí afẹ́fẹ́ máa ń gbé omi sókè lọ́sàn-án. Ẹ ra ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún àwọn ọmọ láti Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó bá wọn lára mu. Èyí tó wà nínú ọkọ̀, ti àgbàlagbà ló pọ̀ jù.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlera, torí iṣẹ́ mi ni.

Àkọ́kọ́, ibà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀hún kò ní ààbò kankan lára sí ibà bí àwọn tó dàgbà síbí. Ẹ̀yin náà, ọdún 11 tí ẹ ti lò lọ́hùn-ún ti gba púpọ̀ nínú tiyín lọ. Ẹ lọ bá dókítà yín ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ tó gbéra fún òògùn adènà ibà, kí gbogbo yín lò ó bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì lò ó parí lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Ẹ̀fọn máa ń dín kù níbi tí ọyẹ́ bá ti gbẹ ilẹ̀, ṣùgbọ́n Ìlàjẹ kì í gbẹ. Ẹ gbé àwọ̀n ẹ̀fọn dání.

Èkejì, ọmọ oníkọ́ fée. Mo ń rí wọn ní ọsibítù wa ní gbogbo oṣù kìíní. Eruku ọyẹ́ máa ń ta á jí, èéfín ń ta á jí, kódà òtútù àárọ̀ nìkan lè ta á jí. Ike òògùn tó ń fà sẹ́nu, ẹ mú méjì dání, kí ẹ̀yin mú ọ̀kan sí àpò ọwọ́ yín, kí bàbá rẹ̀ mú èkejì. Ẹ má fi sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n fi kún èyí tó ń lò lójoojúmọ́ kó tó dé Ṣakí. Ìbòmú fún un lójú ọ̀nà. Lálẹ́, ẹ rẹ aṣọ sómi, ẹ fún un, kẹ́ ẹ so ó sójú fèrèsé, eruku á dín kù, atẹ́gùn á rọ̀ díẹ̀.

Màmá ńkọ́? Nínú ọyẹ́, òógùn máa ń gbẹ lára kéèyàn tó mọ̀ pé òun làágùn. Àgbàlagbà kì í tètè gbọ́ òùngbẹ. Ẹ máa gbé omi fún wọn láìdúró kí wọ́n béèrè.

Ará Ìdànrè

Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí. Inú mi dùn pé Ọmọ Ayétòrò dárúkọ wa.

Òkè Ìdànrè: àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ló wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn baba wa ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Àwọn ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Ẹni ọdún 71 lè gùn ún tí ara bá le, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ti wà lórí àtẹ̀gùn kí aago méje àárọ̀ tó lù. Àpáta ni gbogbo ibẹ̀. Tí oòrùn bá ti kàn án láti àárọ̀, ní aago kan ọ̀sán ẹ ò lè fi àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀. Àpáta yẹn kan náà á máa tú ooru náà jáde lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí ilé tó bá sún mọ́ ọn kì í fi tètè tutù, nígbà tí oko tó wà lọ́nà jíjìn ti ń gbọ̀n.

Àmọ́ èmi ì bá ní kẹ́ ẹ wá ní oṣù kẹjọ. Ní oṣù kejìlá, eruku á ti bo gbogbo rẹ̀, ẹ ó dókè tán, ẹ ò ní rí ju òkè méjì tó tẹ̀ lé e lọ. Ní oṣù kẹjọ, ewéko tutù yọ̀yọ̀, òjò ti sinmi, ẹ ó rí òkè lẹ́yìn òkè títí ojú ọ̀run.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ti oṣù kẹjọ yẹn. Lóòótọ́ ni òjò máa ń sinmi láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ lápá gúúsù, ṣùgbọ́n kì í ṣe àdéhùn. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún tó gbé àwọn ènìyàn lọ nílùú wa. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni òjò tún rọ̀ tó gbé afárá àti ilé lọ, tó sì pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìparí oṣù kẹjọ ni méjèèjì. Mo wà níbi iṣẹ́ ní ti ọdún 2011, n ò lè gbàgbé ariwo tí omi yẹn ń pa. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ, kó wá ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó má sì sùn sétí odò.

Ará Ìdànrè

Mo gbà, nọ́ọ̀sì wa. Àtẹ̀gùn náà sì máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ àti ewédò ló máa ń bò ó. N kì í mú ọmọdé gùn ún lọ́jọ́ òjò.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ bá mi kí màmá wa. Ẹ sọ fún wọn pé òtútù náà ṣì wà níbẹ̀.

Orí òkè la wà, gbogbo ilẹ̀ tó yí wa ká ló ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Àárọ̀ wa, kùrukùru ni. Tiwa kò jọ ti Ṣakí. Tiwọn eruku ló pọ̀ níbẹ̀. Tiwa, omi ni, ìkúùkù tó ń sọ kalẹ̀ sí àfonífojì títí oòrùn fi máa lé e. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, á tutù. Ọmọdé tó ti ń mí eruku nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ máa sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ bá le gan-an, ó máa ń bo àwa náà.

Ẹ rántí pé Ìkọ́gòsì ò jìnnà. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé ara wọn níbẹ̀, kì í sì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà náà wà lọ́nà, ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní omi tó ń já bọ́ níbẹ̀ máa ń tín-ín-rín, kẹ́ ẹ má ṣe ìlérí ńlá fún àwọn ọmọ.

Agùnbánirọ̀ Àná

Mo kí gbogbo yín. Ìlú Jọ́ọ̀sì ni mo ti sin ilẹ̀ baba wa. Bàbá Ṣakí, ẹ má bínú sà, ọyẹ́ yín ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tibẹ̀. Jọ́ọ̀sì ga tó 1,200 mítà sókè ju òkun lọ. Ní oṣù kìíní, mo máa ń wọ súẹ́tà méjì, mo tún máa ń wọ ìbọ̀wọ́ lọ sí kíláàsì. Yìnyín bọ́ lu wá lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹrin, páànù ń dún bí ìlù. Ànàmọ́ òyìnbó àti kábéèjì ni wọ́n ń gbìn níbi tí ẹ̀yin ti ń gbin iṣu.

Bàbá Àgbẹ̀ Ṣakí

Ọmọ mi, mo gbà fún Jọ́ọ̀sì. Àwa ni mo ń sọ̀rọ̀ wa láàárín ara wa. Tí wọ́n bá ń ka òkè Ìdànrè, Ẹ̀fọ̀n àti etí òkun, Ṣakí ni ọyẹ́ ti máa ń pẹ́ jù.

Ọmọ Sábẹ́

Ẹ kú àṣeyọrí láti orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti Sábẹ́, inú mi sì dùn, torí ìlú wa jọ ti Bàbá Ṣakí àti ti Ará Ìdànrè pọ̀: àpáta ńlá lórí ọ̀dàn. Ẹ dé Ìdáàṣà, ẹ ó gbọ́ pé òkè 41 ló yí ìlú náà ká.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi kún un. Ọmọ Ayétòrò jẹ́ kó dà bí ẹni pé gbogbo etí òkun ló lómi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ti Badagry tẹ̀ síwájú lọ sápá ìwọ̀-oòrùn, òjò ń dín kù ni. Tí ẹ bá fi máa dé Lomé, kì í tó 1,000 mìlímítà lọ́dún. Accra, bíi 800. Òjò Ṣakí ju ti Accra lọ, Accra sì wà létí òkun! Bí etí òkun ṣe tẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ òjò máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, omi tútù tó ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun lójú ibẹ̀ láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án sì ń dá òjò dúró. Ìdí nìyẹn tí igbó kìjikìji fi já láàárín Nàìjíríà àti Ghana, tí ọ̀dàn sọ̀ kalẹ̀ kan òkun. Àwọn ẹbí wa tó ń gbé Lomé máa ń sọ pé òkun làwọn ń wò, àmọ́ òjò làwọn ń retí.

Ọmọ Ayétòrò

Ẹ ṣeun. Èmi ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé gbogbo ibi tí ìgbì bá ti ń lù ló máa ń rí bíi tiwa.

Ìṣẹ́rí Létí Odò

Mo ti ń ka á láti àná, n ò fẹ́ dá sí i torí ìrìn yín kò kan ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣakí ló mú mi kọ̀wé.

Agbègbè Ṣakí yín yẹn ni odò Ògùn ti ṣẹ̀. Ó gba inú ọ̀dàn yín wá, ó gba Abẹ́òkúta, ó gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá kó tó wọ ọ̀sà Èkó. Òjò tiwa ní Èkó le jù ní oṣù kẹfà. Òjò tiyín lókè lọ́hùn-ún le jù ní oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà, ní oṣù kẹwàá, nígbà tí ojú ọ̀run Ìṣẹ́rí ti mọ́ kedere, tí a ti ń sá aṣọ, omi ló máa ń dìde sí wa láti ẹ̀yìn. Kò sí òjò, kò sí ìjì, kò sí àrá. Omi kàn ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ ni. Ìdídò kan wà lókè odò tí wọ́n máa ń tú omi rẹ̀ sílẹ̀ tó bá kún, ìyẹn náà ń dé bá wa. Ọdún méjì kan wà léraléra tí mo pàdánù bẹ́ẹ̀dì, fìríìjì àti gbogbo ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ mi.

Bàbá, òjò tí ẹ ń dúpẹ́ fún lórí iṣu yín ni mo ń fi korobá gbọ́n kúrò nínú pálọ̀. N ò bá yín jà o. Mo kàn ń rò ó ni, pé láti ọjọ́ yìí wá, àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ Èkó ni mo ń wò.

Bàbá Àgbẹ̀ Ṣakí

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ti fi ọdún 40 dáko lẹ́bàá odò yẹn, n kò rò ó débẹ̀ rí. Báyìí ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká ṣe é: bí òjò ńlá bá ti rọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, tí mo rí i pé odò ti bo òkúta tí a fi ń sọdá, n ó kọ ọ́ síbí. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láti oṣù kẹjọ lọ.

Ìṣẹ́rí Létí Odò

Mo dúpẹ́, bàbá. N ó máa wò ó.

Ìyá Ẹniọlá (Lọ́ńdọ̀nù)

Mo ti kà á tán lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kà á fún ìyá mi. Nígbà tí mo dé ibi tí Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ti sọ pé òtútù náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún un kà.

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa níbí kún un, torí àwọn tó ń bọ̀ láti ilé náà ń béèrè. Gbogbo ènìyàn rò pé Lọ́ńdọ̀nù ni òjò pọ̀ sí jù láyé. Òjò Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún kan kò ju bíi 600 mìlímítà lọ, kò tó ìdajì ti Ìbàdàn! Ṣùgbọ́n winniwinni ni, lónìí, lọ́la, lọ́túnla, ọ̀run á sì dúdú. Ti ilé a máa dé bí ẹni tó ń bínú, á rọ̀ tán, oòrùn á yọ. Ohun tó le fún ará ilé níbí kì í ṣe òjò, kì í sì í ṣe òtútù pàápàá. Òkùnkùn ni. Láàárín oṣù kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Mo rántí ọdún àkọ́kọ́ mi, mo ń jáde níbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún, mo ń rò pé mo ti pẹ́ jù.

A ti tún ètò tò díẹ̀. Ìlàjẹ náà la ṣì máa kọ́kọ́ lọ, tààrà láti Èkó. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n sọ fún mi pé ibojì náà ṣì wà, ṣùgbọ́n pé kí n tètè wá. Ìdànrè tẹ̀ lé e, kí ọyẹ́ tó le jù. Ẹ̀fọ̀n máa gùn díẹ̀ sí i, torí ọmọkùnrin. Ọjọ́ mẹ́rin péré la ó lò ní Ṣakí, ọkọ mi ti gbà.

Ìyá Ẹniọlá (Lọ́ńdọ̀nù) *(oṣù kìíní, ọjọ́ 19)*

A ti padà, gbogbo wa wà láàyè, Ọlọ́run ṣeun.

Ìlàjẹ: a dé ibojì náà. Ìgbì ò jìnnà sí i tó ilé kan sí èkejì. Ọmọbìnrin mi bu iyanrìn ibẹ̀ sínú ìgò kékeré kan. N ò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdànrè: aago mẹ́fà ààbọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Màmá gùn ún dé ibi ìsinmi kẹta, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí a máa lọ. Eruku ti ń bo òkè díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n a rí i.

Ẹ̀fọ̀n: ọmọkùnrin mi sùn dáadáa níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Ó ń pe kùrukùru ní "ìkúùkù màmá àgbà".

Ṣakí: ẹ̀ẹ̀kan ni ikọ́ mú un, lálẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sun igbó. Ike òògùn wà nínú àpò mi, ó fà á, ó rọlẹ̀. Aṣọ tútù ojú fèrèsé yẹn, nọ́ọ̀sì wa, ó pupa láàárọ̀. Ìyá ọkọ mi gbé òfì lé wa lórí lóòótọ́, ó wúwo, ó sì gbóná. Mo kó òrí ife mẹ́fà bọ̀.

Bàbá Àgbẹ̀, ẹ ṣeun tí ẹ wá kí wa. Ọ̀dùnkún tí ẹ gbé wá, a jẹ ẹ́ tán kí a tó dé Ìbàdàn.

Bàbá Àgbẹ̀ Ṣakí *(oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 24)*

Ará Ìṣẹ́rí, òjò ti rọ̀ láti ọjọ́ Àìkú, kò dá títí di àárọ̀ yìí. Mo lọ sétí odò, n kò rí òkúta ìsọdá mọ́. Ẹ gbé fìríìjì sókè, ẹ kó ìwé àwọn ọmọ kúrò nílẹ̀.

Ìṣẹ́rí Létí Odò

Mo ti rí i, bàbá. A ti ń gbé e.